Ọwọ́ Ọlámidé, Ọ̀rọ̀ Ayọ̀fẹ́

Ayọ̀fẹ́ Ògúnkọ̀yà ló ní kí n bá òun sọ ìtàn yìí fún yín, ó sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ fi àtíkè kun òun lójú. Mo ní kò burú. Bí ẹ bá wá rí i pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbì kan, òun fúnra rẹ̀ ló fún mi láyè.

Ẹ jẹ́ ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ayọ̀fẹ́ jáde ní pólì, kò ríṣẹ́, ó jókòó sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde títí ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí ẹni ń kí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Nígbà tó gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Mọ́lípa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú kíláàsì àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe, ó sáré lọ. Ó rò pé iṣẹ́ ká máa nu imú ọmọ ni, ká sì máa pàtẹ́wọ́.

Anti Helen Ògúnwálé ló ń kọ́ wọn. Obìnrin náà kì í pariwo, kì í sì í kánjú. Òfin kan péré ló ní, ó sì ń tún un sọ bí ẹni ń ka Àdúrà Olúwa: béèrè lọ́wọ́ ọmọ, kí o sì dúró. Má ṣe bá a ṣe ohun tó lè ṣe fúnra rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ọwọ́ tìrẹ wà, kó má wà lórí rẹ̀.

Dídúró yìí gan-an ló pa Ayọ̀fẹ́. Ẹni tí kì í lè dúró kí ìrẹsì jinná kó tó ṣí ìkòkò, wọ́n wá ní kó jókòó ti ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, kó tẹ́ káàdì àwòrán síwájú rẹ̀, kó sì máa wò ó. Àwòrán omi wà níbẹ̀, ti ilé ìgbẹ́ wà níbẹ̀, ti ojú tó ń sunkún, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan ń dun ọmọ. Ti ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ni pé, “Máa lọ, mi ò fẹ́.” Ọmọ á mú èyí tó bá fẹ́ nígbà tó bá wù ú, bí ó bá tilẹ̀ wù ú.

Àwọn méjì ni wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́. Ìkejì rẹ̀ ni Kàmọ́rù, ọmọ Ibefun, tó lè dúró títí eṣinṣin á fi bà á létí tí kò ní mira. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ máa gbà síṣẹ́ nígbà tí sáà bá parí. Ayọ̀fẹ́ wo Kàmọ́rù, ó wo ara rẹ̀, ó rí i pé tó bá jẹ́ dídúró ni wọ́n máa fi mọ ẹni tó yege, òun ti padà sílé ìyá òun nìyẹn.

Ọmọ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ni Ọlámidé Ìfẹ́dayọ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, Frederick. Bọ́lánlé, ìyá rẹ̀, jẹ́ olùkọ́ girama. Ọlámidé kò sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Ó fẹ́ràn láti máa wo fáànù tó ń yí, ó sì mọ káàdì omi dáadáa, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń mú un wá nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Èyí ti pọ̀ lójú Anti Helen. Lójú Ayọ̀fẹ́, ewúrẹ́ pàápàá mọ omi.

Àárín sáà ni ọmọ Anti Helen bímọ ní Ìbàdàn. Ó gbéra, ó lọ tọ́jú ìyá àti ọmọ. Ó ní kí wọ́n máa ṣe bí òun ṣe kọ́ wọn.

Kò tíì dé Ìbàdàn tí Ayọ̀fẹ́ fi rí fídíò kan lórí fóònù. Ọmọ òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ ń fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà lára páálí, obìnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ sì ń jáde bí omi ẹ̀rọ. Ayọ̀fẹ́ ní èyí gan-an ni. Ó wá páálí, ó kọ ABD sára rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ó kó gbogbo káàdì àwòrán sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tì í pa, kí nǹkan ọmọdé má ba iṣẹ́ ńlá jẹ́.

Nígbà tí Bọ́lánlé wá mú ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ayọ̀fẹ́ ní kó jókòó. Ó di ọwọ́ Ọlámidé mú láti òkè, ó gbé ìka rẹ̀ sórí páálí. Ìka náà rìn, ó dúró. Ó tún rìn. MỌ́MÌ ló kọ.

Ayọ̀fẹ́ búra fún mi pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, òun rò pé ọmọ náà ló ń fa ọwọ́ òun. Mo gbà á gbọ́, torí ó wù ú kó rí bẹ́ẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Bọ́lánlé dìde, ó tún jókòó, ó wá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ní nǹkan mìíràn láti sọ. Ìka náà tún rìn. MO FẸ́RÀN YÍN.

Ẹkún tí obìnrin náà sun, àwọn tó ń ta epo ní ìta gbọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ara Ayọ̀fẹ́ kò lélẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó bi í léèrè ohun tó jẹ láàárọ̀, ó sì yí ojú ara rẹ̀ sí fèrèsé. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ó já bọ́ sórí páálí bí aṣọ tó já lórí okùn. Ọlámidé ń wo fáànù ní tirẹ̀.

Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n Bọ́lánlé ti gbé e sórí Wasáàpù. Pásítọ̀ ti gbàdúrà ọpẹ́. Frederick, tí kì í dáhùn ìkíni ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá sí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ Ayọ̀fẹ́ lọ́wọ́, ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ayọ̀fẹ́ ní tó bá di ọ̀la òun á sọ. Ẹ ò ní bá mi wá ọ̀la yẹn rí.

Bí Ọlámidé ṣe di aláròyé nìyẹn. Kò sí ohun tí kò ní èrò nípa rẹ̀ mọ́. Wọ́n bi í ní oúnjẹ tó fẹ́, ebi sì ń pa Ayọ̀fẹ́ lọ́jọ́ náà, ni ọmọ bá kọ ÌKỌ́KỌRẸ́. Bọ́lánlé gbé e wá nínú kúlà, pẹ̀lú ẹja ńláńlá. Ọlámidé, tí kì í fi ẹnu kan ohun tó bá rọ̀, tu ṣíbí àkọ́kọ́ sí ìyá rẹ̀ láyà. Ayọ̀fẹ́ ní inú ọmọ náà ló dùn jù. Ó ní kò yẹ kí oúnjẹ ṣòfò, ó sì jẹ ìyókù.

Bọ́lánlé náà kò kúkú gọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí Anti Ayọ̀fẹ́ bá òun bi ọmọ bóyá inú rẹ̀ ń dùn sí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pẹ́ ní kíláàbù lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ ní inú òun kò dùn. Frederick jókòó sílé lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Àwọn ìyá ìjọ gbọ́, wọ́n dé pẹ̀lú ìbéèrè tiwọn. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun á rí físà. Ayọ̀fẹ́ wo ojú obìnrin náà, ó ṣàánú rẹ̀, Ọlámidé sì kọ Ó MÁA BỌ́ SÍ I.

Kàmọ́rù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ létí. Ó fara balẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé báwo lọmọ ṣe ń kọ̀wé tí ojú rẹ̀ kò sì sí lórí páálí rárá. Ayọ̀fẹ́ ní àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn kì í wo nǹkan bí tiwa. Kàmọ́rù ní ó dáa, ó padà sẹ́nu dídúró rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi lé Kàmọ́rù lọ́wọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé kọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbé ìyẹn sórí Wasáàpù.

Ìgbà tó yá ni Ọlámidé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Á fa ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ní ṣí. Á tún fà á. Ayọ̀fẹ́ á fà á padà sídìí páálí. Ọmọ náà wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara rẹ̀ létí òsì, ó ń gbá a, ó ń gbá a, ó sì ń ké.

Bọ́lánlé bi í pẹ̀lú ìbẹ̀rù: “Ọlámidé mi, kí ló dé tí o fi ń gbá etí? Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Anti Helen á ti dé, olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ á wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti kéde ẹni tí wọ́n gbà. Bí ọmọ bá lọ ọsibítù, kò sí ohun tí Ayọ̀fẹ́ máa fi hàn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ kàn ń ṣe bí ó ṣe máa ń ṣe ni. Ó di ọwọ́ náà mú.

ARIWO FÁÀNÙ NI, ni ìka náà kọ. MO WÀ DÁADÁA.

Bọ́lánlé mí kanlẹ̀. Wọ́n pa fáànù. Ọmọ tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó ń gbádùn láyé ni fáànù, wọ́n pa á mọ́ ọn lórí.

Nígbà tí ọjọ́ náà dé, kíláàsì kún. Anti Helen ti Ìbàdàn dé, ó jókòó sẹ́yìn. Àlejò kan tí Ayọ̀fẹ́ kò retí tún wọlé: Màmá Ayépé, ìyá Frederick. Ẹsẹ̀ ló ń yọ màmá náà lẹ́nu láti ọjọ́ yìí, orí fóònù ló ti ń gbọ́ pé ọmọ-ọmọ òun ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá máa gbé òun bí àpò gààrí, òun á dé ibẹ̀. Frederick gbé e.

Ayọ̀fẹ́ ṣe tirẹ̀. Ọlámidé kí gbogbo ènìyàn káàbọ̀. Ọlámidé dúpẹ́ lọ́wọ́ olùdásílẹ̀. Ọlámidé ní òun fẹ́ kí Anti Ayọ̀fẹ́ máa wà lọ́dọ̀ òun títí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ kejì gbá etí ní gbogbo àkókò yìí, ojú rẹ̀ pọ́n.

Màmá Ayépé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà béèrè nǹkan kan. Ẹ gbọ́ o, màmá náà kò dẹ pàkúté fún ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ló mú un wá. Ó sún mọ́ ọmọ náà, ó sì yí sí Ìjẹ̀bú rẹ̀ tó ki.

“Ùwọ ọmọ mi,” ló wí, “lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo wa la sọ owó sínú abọ́ omi, tí kálukú sì fún ọ lórúkọ tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń pe tèmi láti ọjọ́ náà. Mo ti ń pè ọ́ láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, o kò dá mi lóhùn rí. Pe orúkọ náà fún mi, kí n gbọ́ ọ kí n tó kú.”

Ayọ̀fẹ́ wo Bọ́lánlé, bóyá ẹnu rẹ̀ á mì. Bọ́lánlé ń sunkún, ẹnu rẹ̀ kò mì. Ayọ̀fẹ́ rò ó pé orúkọ wo ni ìyá àgbà lè fún ọmọbìnrin. Oríkì ni, kí ló tún kù? Èyí tó sún mọ́ ọn jù lórí ahọ́n ló mú. Ìka Ọlámidé rìn títí ó fi kọ ÀDÙKẸ́.

Wọ́n kà á fún màmá náà. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà.

“Àdùkẹ́,” ni Màmá Ayépé wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá, “lorúkọ ìyàwó tí bàbá Frederick fẹ́ lé mi lórí. Bí mo bá ní ajá, n kò ní fi Àdùkẹ́ pè é. Ọnàyẹmí ni mo sọ ọmọ mi.”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ayọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti rẹ ọmọ náà, pé ó lè ṣe àṣìṣe. Anti Helen dìde láti ẹ̀yìn, ó rọra rìn wá síwájú.

“Ayọ̀fẹ́, yọ ọwọ́ rẹ.”

Ayọ̀fẹ́ ní bí òun bá yọ ọwọ́, ọmọ náà kò ní lè ṣe nǹkan kan. Anti Helen ní kó yọ ọ́ náà. Ó yọ ọ́.

Ọlámidé kò tilẹ̀ wo páálí. Ó dìde tààrà, ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilẹ̀kùn rẹ̀. Anti Helen na ọwọ́ sí Ayọ̀fẹ́, kò sọ ohun tó ń béèrè. Ayọ̀fẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù ṣí, ọmọ náà tú káàdì sílẹ̀ títí ó fi rí ojú tó ń sunkún. Ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ lé etí òsì.

Màmá Ayépé ló tẹ̀ ẹ́ lórí, tó wo inú etí náà. Ó yí ojú kúrò nítorí òórùn. Ọyún ti kún ún.

Bọ́lánlé yíjú sí Ayọ̀fẹ́. Ó ní, “Ṣebí ó ní ariwo fáànù ni.” Frederick ti gbé ọmọ sí èjìká, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Dókítà sọ pé awọ inú etí náà ti lu. Ó ní ká sọ pé wọ́n tètè gbé e wá ni, egbòogi lásán ì bá ti tó. Ní báyìí, kò dá a lójú pé ọmọ náà á fi etí òsì gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Kàmọ́rù ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ìyá Ayọ̀fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà kí ọmọ rẹ̀ tó délé. Obìnrin tó béèrè nípa físà ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí Olúwa dá a lẹ́jọ́. Ayọ̀fẹ́ ní gbogbo èyí kò dun òun tó ohun kan.

Ó lọ bẹ Bọ́lánlé nílé. Bọ́lánlé ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní kó jókòó, kò bú u. Ayọ̀fẹ́ ní èébú ni òun múra sílẹ̀ fún, òun kò múra sílẹ̀ fún ohùn jẹ́jẹ́. Bọ́lánlé ní ti etí, àwọn ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní nǹkan mìíràn wà tí òun kò lè sọ fún Frederick.

“Ó pè mí ní Mọ́mì. Ó ní òun fẹ́ràn mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn dáadáa. Tí kì í bá ṣe òun ló sọ ọ́, Ayọ̀fẹ́, ta ló sọ ọ́?”

“Èmi ni, mà,” ni Ayọ̀fẹ́ wí.

Bọ́lánlé mi orí. Ó ní kó máa lọ sọ́dọ̀ Anti Helen.

Anti Helen kò fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní èwo ni ti òun nínú ọ̀rọ̀ náà, ó ní kí Ayọ̀fẹ́ lọ bẹ ẹni tó ṣẹ̀. Ó ní kó wá nígbà tí Ọlámidé bá padà sí kíláàsì, kó jókòó síwájú rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ itan.

Ọjọ́ náà pé. Ọlámidé jókòó, òwú wà ní etí rẹ̀, wọ́n ti tan fáànù. Ayọ̀fẹ́ jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Anti Helen tẹ́ káàdì sórí tábìlì. Ayọ̀fẹ́ ní kí ọmọ náà má bínú. Ó ní ṣé ó máa jẹ́ kí òun jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró.

Ó dúró débi pé ọwọ́ rẹ̀ ń jó o lábẹ́ itan. Àwọn ìka náà fẹ́ jáde lọ ran ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n bá a mú káàdì tó dáa. Kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Fáànù ń yí. Ọlámidé wo fáànù, ó wo òde. Ó wá wo Ayọ̀fẹ́ lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, ó sì na ọwọ́.

Káàdì ilẹ̀kùn ló mú. Ó gbé e lé Ayọ̀fẹ́ lórí orúnkún, ó sì padà sídìí fáànù rẹ̀.

Ayọ̀fẹ́ dìde. Kò bẹ̀bẹ̀, kò ní kí wọ́n tún bi í. Ó jáde. Ó ní lójú òun, ìgbà yẹn nìkan ni òun ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe kọ́ òun.

Bọ́lánlé wà ní ìta, kò lè wọlé, ó ń bẹ̀rù. Ó bi í léèrè ohun tí ọmọ òun sọ.

“Ó ní kí n máa lọ.”

“Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́? O kò fọwọ́ kàn án?”

“N kò fọwọ́ kàn án, mà. Òun ló sọ ọ́.”

Bọ́lánlé nu ojú rẹ̀. Ó tún gèlè ṣe, ó wọlé lọ. Ayọ̀fẹ́ yọjú lójú fèrèsé kó tó lọ. Ó rí i tó jókòó síwájú ọmọ rẹ̀, tó rọra ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, tó sì ń dúró.